Bràsíl: iye èèyàn àti iye aṣòfin wọn kò bára mu, kí ló fà á?

Tíṣà Ọ̀fà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn ọmọ SS2 níbí ń múra ìdíje ìbéèrè, Bràsíl ló sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìwé kan ní èèyàn mílíọ̀nù 203 ló wà níbẹ̀, òmíràn ní 212. Èwo ni kí ọmọ dáhùn? Ẹ̀ẹ̀kejì, aṣojú-ṣòfin wọn jẹ́ 513. Mo fi pín iye èèyàn, ó já sí bíi 396,000 fún aṣojú kan, àmọ́ tí mo bá wá wo ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò bára mu rárá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ṣé ààrẹ wọn náà gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ bíi tiwa?

Ará Òmù-Àrán:
Tíṣà, méjèèjì ló tọ̀nà. 203,080,756 ni ìkànìyàn 2022. 212,583,750 ni àfojúdá tí IBGE, àjọ tó ń ka èèyàn níbẹ̀, ṣe fún ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2024. Ẹ má rò pé èèyàn mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ni wọ́n bí láàárín ọdún méjì o! Ìkànìyàn yẹn ló fo àwọn kan. Ọdún 2020 ló yẹ kó wáyé, kòrónà dá a dúró. Ní 2021 wọn ò ya owó tó tó sọ́tọ̀ fún un. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2022, àwọn tó ń kà á kò pọ̀ tó torí owó iṣẹ́ kéré, àwọn onílé kan ò sì ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta fà wọ 2023. Lẹ́yìn náà ni IBGE padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò láwọn àdúgbò kan, wọ́n rí iye tí wọ́n fò, wọ́n sì fi tún ìṣirò ṣe. Tí ìbéèrè bá ti dárúkọ ìkànìyàn, 203 ni kí ọmọ sọ.

Kí wọ́n mọ èyí náà: àwọn tó pe ara wọn ní àdàlù ẹ̀yà ló pọ̀ jù, ìdá 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Aláwọ̀ funfun 43.5, aláwọ̀ dúdú 10.2. Ẹnu onílé ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, kì í ṣe pé ẹni tó ń ka èèyàn fojú wò ó.

Bàbá Pàkátà:
Ẹ jẹ́ n dáhùn ti aṣojú. Òfin ìpìlẹ̀ 1988 wọn ló ba ìṣirò yín jẹ́. Ó ní ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ ní aṣojú tó dín ní 8, kò sì gbọ́dọ̀ ju 70 lọ. São Paulo ní èèyàn 44,411,238, wọ́n fún un ní 70: aṣojú kan fún bíi 634,000. Roraima lókè lọ́hùn-ún ní 636,707 péré, ó gba 8: aṣojú kan fún bíi 79,600. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo Roraima pátá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju èèyàn tí aṣojú São Paulo kan ṣoṣo ń gbẹnu sọ fún. Bahia tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí nígbà kan ní 39, ìyẹn bíi 362,600 fún ẹnì kan. Òun ló sún mọ́ ìṣirò yín.

Ti sẹ́nétọ̀ kò le: mẹ́ta-mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti Brasília, olú-ìlú wọn, ní, 81 lápapọ̀, ọdún mẹ́jọ ni sáà wọn. Ní 2022 wọ́n dìbò fún ẹyọ kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 2026 méjì ló kàn.

Ibi tó máa rú àwọn ọmọ lójú ni pé wọn kì í pín ìpínlẹ̀ sí ẹkùn. Níbí, Ọ̀fà, Ọ̀yún àti Ìfẹ́lódùn ń pawọ́ pọ̀ yan aṣojú kan. Tó bá jẹ́ bíi ti Bràsíl ni, gbogbo Kwara yóò jọ du ìjókòó mẹ́fà náà pọ̀, ará Pàtígi lè dìbò fún ọmọ Òmù-Àrán. Wọ́n á pín ojúlówó ìbò sí iye ìjókòó. Ká ní ìbò jẹ́ 600,000, ìjókòó 6: 100,000 ni òṣùwọ̀n. Ẹgbẹ́ tó bá ní 230,000 gba méjì lọ́wọ́ kan, àwọn méjì tí ìbò wọn pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà ló wọlé. Ìṣẹ́kù ìjókòó ní ìṣirò tiẹ̀.

Tíṣà Ọ̀fà:
Bàbá, ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré lè wọlé kí ẹni tó jù ú lọ já kulẹ̀ nìyẹn?

Bàbá Pàkátà:
Ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ní 2010, Tiririca tó jẹ́ aláwàdà gba ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 1.3 ní São Paulo, ó sì fa àwọn mìíràn wọlé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣòfin pé ẹni tí ìbò òun fúnra rẹ̀ kò bá tó ìdá mẹ́wàá òṣùwọ̀n kò ní wọlé bẹ́ẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, 10,000 nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ̀:
Ti ààrẹ: rárá o, kò sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá gba ju ìdajì ojúlówó ìbò lọ ló wọlé. Ìbò òfìfo àtèyí tó bàjẹ́ kò sí nínú kíkà. Bí kò bá sẹ́ni tó rí i, ẹni méjì àkọ́kọ́ á tún pàdé ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Lula fi 50.90 na Bolsonaro tó ní 49.10 ní 2022, ìpele kejì sì ni.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń dìbò, òǹkà olùdíje ni wọ́n ń tẹ̀ sí i. Aṣojú-ṣòfin àpapọ̀ ló ń ṣáájú, òǹkà mẹ́rin, ti aṣòfin ìpínlẹ̀ jẹ́ òǹkà márùn-ún, sẹ́nétọ̀ mẹ́ta, gómìnà méjì, ààrẹ ló kẹ́yìn, méjì. Fọ́tò á yọ, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá sáré tẹ òǹkà méjì ti ààrẹ níbi àkọ́kọ́ tó sì tẹ àwọ̀ ewé, ẹgbẹ́ ló fún ní ìbò aṣojú yẹn, torí òǹkà ẹgbẹ́ ni òǹkà méjì náà, kò sì lè gbà á padà mọ́. Dandan ni ìbò láti ọdún 18 sí 70. Ẹni tó bá jókòó sílé ní 60 ọjọ́ láti ṣàlàyé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á san owó ìtanràn, bí kò bá sì san án, kò ní rí páásípọ́ọ̀tù gbà.

Ará Òmù-Àrán:
Ẹ fi kún un, Tíṣà: ìpínlẹ̀ 26 ni, kì í ṣe 27. Brasília dá dúró gẹ́gẹ́ bí Àbújá. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta aṣojú àpapọ̀ títí dé 36. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá lé ní aṣojú 12 á fi ẹyọ kan kún un. Bahia jẹ́ 63, Roraima jẹ́ 24 gẹ́lẹ́ bíi ti Kwara wa.