Ọrùn àti èjìká ń dùn mí tí mo bá ń fọn tọ́ńpẹ́ẹ̀tì: ṣé ìjókòó mi ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Fèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onífèrè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ tọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni. Bí mo bá ti fọn ún díẹ̀, ọrùn àti èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ohùn ìsàlẹ̀ ń jáde, àmọ́ bí mo bá ti ń gòkè, ohùn á fún, ètè á sì máa ta mí. Mo máa ń fẹ̀yìn ti àga, ìwé orin á wà lórí tábìlì. Ṣé ìjókòó ló fà á, àbí ètè mi ni kò tíì lágbára?

Ẹ̀gbọ́n Onífèrè:
Àbúrò, má tíì dá ètè lẹ́bi. Tábìlì yẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ìwé tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ á fa orí rẹ wálẹ̀, àgbọ̀n á há ọ̀fun mọ́, afẹ́fẹ́ ò sì ní rọ́nà gbà. Wá sítáǹdì, kí o gbé e sókè débi tí wàá ti máa kàwé láìtẹríba. Sún síwájú lórí àga, kí ẹ̀yìn rẹ má kan nǹkan kan, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì sì tẹ́ sílẹ̀. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dìde lójijì. Ẹni tó bá ní láti kọ́kọ́ wá ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ kò tíì jókòó re.

Ọwọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọwọ́ òsì ló ń gbé fèrè; títẹ bọ́tìnnì mẹ́ta ni iṣẹ́ ọ̀tún. Fi àtàǹpàkò ọ̀tún sáàárín bọ́tìnnì kìíní àti ìkejì, lábẹ́ páìpù tó ti ibi ẹnu wá, kí ìka mẹ́ta ká díẹ̀, kí orí wọn sì wà lórí bọ́tìnnì. O rí ìkọ́ kékeré tó wà níbẹ̀ yẹn? Orí rẹ̀ ni kí o gbé ìka ọmọńdinrín lé, má ṣe kì í bọnú rẹ̀. Bó bá ti wọnú ìkọ́, wàá máa fà á láìmọ̀, fèrè á tẹ ètè mọ́ eyín, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní ráyè ṣàn dáadáa níbẹ̀. Ìyẹn ló ń ta ọ́. (Ìkọ́ náà wúlò nígbà tí a bá ń fi ọwọ́ kan mú fèrè láti ṣí ìwé.)

Tún ara ṣe ná, mí sínú kí ìhà fẹ̀ láìgbé èjìká, kí o tó gbé fèrè wá sẹ́nu. Má na ọrùn lọ bá a.

Ìyá Onífèrè:
Ẹ ṣeun, sà. Ọwọ́ ọmọ mi kúrú, fèrè á máa wálẹ̀ tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n máa ní kó gbé e sókè gbọọrọ bíi ti àwọn sójà?

Ẹ̀gbọ́n Onífèrè:
Rárá, mà. Eyín òkè ọ̀pọ̀ èèyàn yọ díẹ̀ síwájú ti ìsàlẹ̀, torí náà ó bójú mu kí fèrè wọn dojú kọlẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ tó bá ti ń kọjú sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn: kó gbé e sílẹ̀, kó sinmi tó ìgbà tó fi fọn ún. Fèrè yìí tó nǹkan bíi kílò 1, apá ọmọdé sì ń mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ bá lè rí kọ̀rínẹ́ẹ̀tì, fèrè kan tó jọ tọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ìyẹn dára fún un gan-an. Páìpù rẹ̀ gùn tó ti tọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n ká a jọ, ìwúwo rẹ̀ sì súnmọ́ àyà. Bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ náà ò yàtọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Fèrè:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti yọ ọmọńdinrín kúrò, àmọ́ ó ń padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Onífèrè:
Á ṣe bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Máa fi dígí wo ara rẹ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kó wà, kì í ṣe iwájú. Ibẹ̀ ni wàá ti rí ìka náà, wàá sì rí i bóyá ọrùn ti ń nà síwájú.