Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìpẹ́ funfun ní ìgúnpá màmá mi

ỌmọÌyàrá: Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ọdún kejì rèé tí ìpẹ́ funfun ti bo ìgúnpá àti orúnkún màmá mi. Bí wọ́n bá dìde lórí àga, ìpẹ́ á kù síbẹ̀ bíi ti ẹja. A ti fi ìpara làpálàpá pa á títí. Lọ́jà, àwọn kan ti ń sá fún wọn, wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni.

ÀgbẹKábà: Èkúrú ni. Ọṣẹ dúdú àti imí ọjọ́, kí ẹ fi kànìnkànìn gbo ó dáadáa.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má gbo ó o! Ó jọ psoriasis, àìsàn awọ kan, àmọ́ dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dájú. Kì í ranni. Àwọn ọmọ ogun ara máa ń pàrokò síra wọn. Àrokò kan tó ń jẹ́ IL-23 ló ń ru sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun náà, sókè. Sẹ́ẹ̀lì T á tú àrokò mìíràn, IL-17, jáde, ìyẹn á sì máa lé awọ ní eré. Bí ọ̀tá bá ti lọ, ó yẹ kí agogo ogun dákẹ́. Nínú àìsàn yìí, kì í dákẹ́. Awọ tó ń lò tó oṣù kan kó tó pààrọ̀ á pààrọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, èyí tí kò tíì gbó á máa gun ara wọn. Ìpẹ́ nìyẹn. Ibi tí kànìnkànìn bá sì bó, òmíràn lè hù síbẹ̀.

Adùkẹ́Mópà: Ó ṣe èmi náà. Kẹ́mísìtì kan gún mi lábẹ́rẹ́ steroid, ara mi dán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó ṣe tán lára mi, gbogbo ẹ̀yìn mi ló bò. Dókítà awọ ara n'Ílọrin ló bi mí pé oògùn ibà wo ni mò ń lò. Chloroquine! Ó ní ó lè ru ú sókè. Ní báyìí, ìpara tí wọ́n kọ fún mi ni mò ń lò, pẹ̀lú òrí bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán tí ara ṣì tutù. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dí IL-17 lọ́nà, secukinumab, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àìsàn yìí ní 2015. Owó rẹ̀ ni mi ò lè dá lábàá.

ỌmọÌyàrá: Chloroquine kẹ̀? Òun náà ni màmá ń lò! Oríkèé ìka wọn tún máa ń le láàárọ̀.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbẹ̀: Ẹ sọ ti oríkèé yẹn fún dókítà o, àìsàn kan náà lè bà á jẹ́. Ẹ kó páálí gbogbo oògùn wọn dání.

ÀgbẹKábà: Mo ti gbọ́ o, mo ju kànìnkànìn nù. Ìyàwó mi ní òrí tuntun, bí ẹ bá ń gba Kábà kọjá.