Kí ló dé tí ẹ̀wà inú òkùnkùn fi ga ju ti ojú fèrèsé lọ?

ÌyáÌbejì_Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ ǹ lẹ́ o. Ọmọ mi gbin ẹ̀wà olóyin sórí òwú tútù fún iṣẹ́ ilé. Èyí tó wà lójú fèrèsé kúrú, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Èyí tí mo tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù gùn gbọọrọ, ó funfun, orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ẹ̀wà kan náà mà ni! Ta ló sọ fún un pé ilẹ̀ ṣú?

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Jíìnì ni, ìyẹn àwọn àṣẹ àbínibí inú sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ HY5, òun ló ń tan àwọn jíìnì tó ń mú ewé tutù. Nínú òkùnkùn, purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ COP1 á máa sàmì sí HY5 lára kí sẹ́ẹ̀lì lè bà á jẹ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá dé, phytochrome, ìyẹn purotéènì tí ewéko fi ń mọ ìmọ́lẹ̀, á dá COP1 lọ́wọ́ kọ́, HY5 á wá ráyè. Ní 1989, onímọ̀ ewéko Joanne Chory àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn Arabidopsis kan (ewéko kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí) tí jíìnì DET1 rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ewéko hùwà bí ẹni tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ nígbà tó bá wà nínú òkùnkùn, bàjẹ́: inú òkùnkùn biribiri ló wà, ó kúrú, ó sì la ewé bí ẹni pé oòrùn ń ràn sí i. Èyí yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

ÌyáÌbejì_Ògbómọ̀ṣọ́: Gígùn yẹn ńkọ́? Kí ló wà fún?

BàbáOlóko: Abẹ́ ilẹ̀ ló rò pé òun wà. Oúnjẹ inú kóró ò pọ̀, ó ní láti sáré yọ jáde. Orí tó tẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ ha ọ̀mùnú rẹ̀. Ẹ gbé e síta, ẹ ó rí i tí yóò nàró.