Ta ni yóò máa tọ́jú ọgbà ìrántí àwọn ọmọ ogun wa lẹ́yìn ọjọ́ 15 oṣù Kìíní?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Ìlú wa ní Òkè-Ògùn fẹ́ ṣe ọgbà ìrántí fún àwọn ọmọ ìlú tó bógun lọ: àwọn tó kú sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà, àwọn tó ṣubú nínú ogun abẹ́lé láàárín ọdún 1967 sí 1970, àwọn tí wọ́n rán lọ sí Làìbéríà àti Sierra Leone pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti àwọn ọ̀dọ́ tí a ṣì ń pàdánù ní Borno. Baálẹ̀ ti fi ilẹ̀ tọrẹ, owó ìkọ́lé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ìtọ́jú rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Mo mọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n fi táìsì àti ọ̀dà funfun ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìgbà tí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun, bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tó máa ń kó àwọn ọmọ iléèwé lọ ro ó. Bí òjò bá ti dé, ewúrẹ́ ló ń jẹko níbẹ̀, àwọn orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri sì ti ṣí dànù. N kò fẹ́ kí a kọ́ ohun tí yóò di àbùkù fún àwọn òkú wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun, ìbáà ṣe èyí tó wà ní Ìbàdàn àti Yábàá tàbí ti òkè òkun, kí ni kì í jẹ́ kí tiwọn bàjẹ́? Báwo ni a sì ṣe lè rí orúkọ àwọn tó kú sí Bọ́mà, nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán?

Olùtọ́jú-ọgbà, Surrey

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ọ̀gá akọ̀wé. Iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, mo sì mọ Brookwood dáadáa, èyí tó tóbi jù nínú àwọn itẹ́ òkú tó wà lábẹ́ Àjọ Ibojì Ogun ti Kọ́mọ́ńwẹ́lì nílẹ̀ yìí. Ọdún 1917 ni wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣì ń lọ lọ́wọ́, Fabian Ware ló sì ṣe agbátẹrù rẹ̀. Àwọn tí ó ń tọ́jú ìrántí wọn lónìí tó nǹkan bí mílíọ̀nù 1.7, ibi tí wọ́n sì wà ju orílẹ̀-èdè 150 lọ.

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó ń dáàbò bo iṣẹ́ wọn, n kò ní dárúkọ òkúta tàbí òdòdó ṣáájú, owó ni n ó dárúkọ. Ìjọba mẹ́fà, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand, Íńdíà àti South Africa, ló jọ ń dá owó náà, oníkálukú gẹ́gẹ́ bí ibojì àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, nítorí náà ìtọ́jú kì í dúró de ìgbà tí nǹkan bá wó. Kí ẹ tó po sìmẹ́ǹtì rárá, ẹ yọ apá kan owó ìkọ́lé sọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò máa ro ibẹ̀. Bí èyí bá gbà pé kí ọgbà náà kéré ju bí ẹ ṣe yà á lọ, ẹ jẹ́ kó kéré.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ orúkọ sínú òkúta, kí wọ́n má ṣe fi ọ̀dà kọ ọ́. Òkúta Portland (òkúta funfun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì) tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ níhìn-ín ga tó sẹ̀ǹtímítà 81, ó sì fẹ̀ tó 38, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín ti ọ̀gágun àti ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Bílíìsì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin a máa jẹ ojú òkúta, inú ibi tó bá sì ti jẹ ni àwọ̀ ewé tó máa ń yọ lásìkò òjò yóò ti tún yọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn òdòdó kúkúrú tí ẹ ń rí lẹ́sẹ̀ òkúta nínú àwòrán ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: àwọn ló ń gba ẹrẹ̀ tí òjò ń ta sókè, tí kì í jẹ́ kó dé ara àkọlé. Ní Taukkyan ní Bọ́mà, àwo idẹ ni wọ́n tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ kúkúrú dípò òkúta gíga, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lo idẹ, nítorí àwọn tó ń ṣòwò irin àlòkù kò ní jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fèsì lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí àbúrò bàbá mi àgbà wà lára àwọn tí kò ti Bọ́mà bọ̀. Àwọn ọmọ ogun wa wà nínú ẹ̀ka 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jà ní Arakan àti àfonífojì Kaladan. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé, fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1944, àwọn ará abúlé ló sì fi í pamọ́ kí àwọn ọmọ ogun Japan má bàa rí i, títí ó fi là á já. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò là á já kò ní ibojì tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Orúkọ irú wọn ló wà lára ọ̀wọ̀n ìrántí Rangoon, tó wà nínú itẹ́ òkú Taukkyan kan náà, níbi tí wọ́n kọ orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 sí.

Ẹ lè wá orúkọ lórí ìkànnì Àjọ Ibojì Ogun náà láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wá orúkọ bàbá nìkan. Lásìkò náà, akọ̀wé ológun sábà máa ń fi orúkọ ìlú ẹni ṣe orúkọ ìdílé, tí Bẹ́lò ará Ìlọrin yóò fi di Bello Ilorin nínú ìwé. Nítorí náà, ẹ wá orúkọ ìlú yín, kí ẹ sì kọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà ṣì í kọ.

Mo tún fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún àwọn aláàárù, ìyẹn àwọn tó ru ẹrù fún ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ní Kamẹrúùnù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ìlànà tí àjọ yẹn fi bẹ̀rẹ̀ ni pé bákan náà ni kí wọ́n ṣe fún gbogbo òkú, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Ní ọdún 1923, Guggisberg, gómìnà Gold Coast (Gánà òde òní), sọ fún wọn pé òkúta ibojì kò lè yé àwọn ará ibẹ̀. Ìròyìn ìgbìmọ̀ tí àjọ náà gbé kalẹ̀, tó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, àwọn 116,000, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Áfíríkà àti Middle East, ni wọn kò kọ orúkọ wọn tàbí tí wọn kò tilẹ̀ ṣe ìrántí wọn rárá, àti pé wọ́n lè tó 350,000. Àjọ náà tọrọ àforíjì. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo kà á. Bí ìdílé kan bá wá sọ fún yín pé aláàárù ni bàbá wọn, tí wọn kò sì ní ìwé ẹ̀rí kankan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ológun-fẹ̀yìntì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín pátá. Mo fara mọ́ ti owó, ṣùgbọ́n ti òdòdó àti koríko tútù kò bá Òkè-Ògùn mu. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe ìrántí tẹ́lẹ̀ nílẹ̀ wa, kí ìjọba tó gbé e lọ sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970. Àárín ọyẹ́ nìyẹn. Koríko tí ẹ bá gbìn yóò ti gbẹ, omi tí àwọn aráàlú ń mu gan-an yóò ti ṣọ̀wọ́n, inú mi kò sì ní dùn kí ẹnikẹ́ni máa fi í wọ́n òdòdó. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí àárín àwọn òkúta orúkọ, kí ẹ gbin igi tó ń ní ibòji sí etí, kí ẹ má sì gbìn ín mọ́ òkúta nítorí gbòǹgbò. Kí ẹ ro ẹ̀yìn ọgbà yíká ní oṣù Kọkànlá kí iná ìgbẹ́ má bàa wọlé.

Ẹ gba ènìyàn kan síṣẹ́, kí ẹ máa san owó oṣù fún un. Bí ọmọ tàbí opó ọmọ ogun bá wà tó fẹ́ ṣe é, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Nípa orúkọ, ẹ tò ó ní a-b-d, ẹ má fi ipò ṣáájú.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun. N óò gbé ọ̀rọ̀ owó àti ti òkúta wẹ́wẹ́ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, n óò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín iwájú ọgbà kù, nítorí ilé ìjókòó àwọn àlejò pàtàkì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ètò tí wọ́n yà. Àǹtí Ọmọ Ẹ̀gbá, orúkọ mẹ́ta ni àwọn àgbà ṣì rántí, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ aláàárù. Ṣé mo lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí yín kí ẹ bá mi wo bí wọ́n ṣe lè ti kọ wọ́n?