Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọkọ̀ ní ẹ̀bútẹ̀ Ìwòpín fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbà mí o

Adélé-Ọkọ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀bútẹ̀ Ìwòpín níbí. Inú rẹ̀ ni mò ń sùn, ibẹ̀ náà ni mo ti ń dáná. Ọ̀gá mi wà ní Èkó. Látìgbà tí wọ́n ti jí bátìrì nínú ọkọ̀ rẹ̀ kejì, ó ní kámẹ́rà lòun á máa fi wo èyí látorí fóònù òun. Ó fi kámẹ́rà mẹ́rin ránṣẹ́, ó ní kí n wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí i. Ọmọkùnrin kan ní Òde ta ráútà fún mi, ẹ̀rọ tó ń fi síìmù pín íntánẹ́ẹ̀tì, ó búra pé bí mo gbé e dé àárín òkun, á ṣiṣẹ́. Irọ́ gbáà! Á tan iná pupa, á di búlúù, á tún padà di pupa. Bí ọ̀gá bá ṣí kámẹ́rà, nǹkan ọ̀hún á kàn máa yí bírí, ló bá di ìpè: "Ṣé o ti pa á ni? Kí lò ń fi pa mọ́ fún mi?" Èmi! Èmi tí mo ti bá a ṣiṣẹ́ látìgbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ onípákó kan ṣoṣo ló ní. Ọmọ tó ta ráútà ò gbé ìpè mi mọ́. Ti ẹ̀fọn ibí yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, síìmù wo ló ń ṣiṣẹ́ lórí omi?

Màmá Bọ́lá: Pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Irú ẹ̀ ṣe mí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣágámù. POS á kọ̀, kò ní lọ, àwọn oníbàárà á máa kùn. Ọmọ mi ló ní kí n gbé e síta sábẹ́ agboòrùn, ó sì lọ. Ẹnì kan wà tó ra ọjà ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ́jọ́ yẹn tó ní òun á padà wá san án, mi ò tíì fojú kàn án títí dòní.

Ìlú-Ń-Lọ: Starlink ni, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ látorí sátẹ́láìtì lójú ọ̀run. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ló ti wọ Nàìjíríà. Ẹ gbé àwo rẹ̀ sórí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́: Kò tíì parí o, àbúrò. Iná ńkọ́? Àwo ńlá yẹn ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50 sí 100, tọ̀sán-tòru. Kékeré rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mini náà ń jẹ bíi 25 sí 40. Ojú ọ̀run gbalasa ló sì fẹ́. Bí igi àgbọn bá bò ó, á máa já ni.

Adélé-Ọkọ̀: Ọ̀gá ò ní fowó sí àwo kankan. Sólà kan ló wà níbí, fáànù mi ló ń lò ó. Síìmù ni mo béèrè.

Wáyà-Wáyà Òde: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ká tó dé orí síìmù: irú ọkọ̀ wo ni? Ibo lẹ gbé ráútà sí? Fóònù yín fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Ọmọ Ìwòpín: Síìmù kọ́. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá tán nídìí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí wa, gbogbo wa la máa jókòó, ẹni tó ní síìmù mẹ́ta náà á jókòó. Ìlú tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ bébà ńlá sí, tó wà níbẹ̀ lásán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ wá ń wá níbẹ̀?

Ìyá Àdúgbò: Ẹ kúrò nínú ọkọ̀ jàre. Àgbàlagbà ń sùn lórí omi nítorí kámẹ́rà! Ẹ lọ sílé lọ tọ́jú ìyàwó yín.

Adélé-Ọkọ̀: Màmá, ta ló sọ fún yín pé mo ní ìyàwó nílé? Iṣẹ́ yìí ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi méjì ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Ẹni tó bá fẹ́ kí n kúrò níbí kó wá máa san án.

Màmá Bọ́lá: Ẹ má bínú sí i, bàbá. Ẹ ṣáà gbìyànjú agboòrùn.

Wáyà-Wáyà Òde: Bàbá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o.

Adélé-Ọkọ̀: Kò sóhun tó ṣe fóònù mi. Bí mo bá dúró lókè lórí dẹ́ẹ̀kì, mò ń wo fídíò bó ṣe wù mí, síìmù ilé iṣẹ́ kan náà sì ni. Ìyẹn ni mo ṣe mọ̀ pé ayédèrú ni ráútà yẹn. Dírẹ́jà ni ọkọ̀ náà, èyí tí wọ́n fi ń wa yanrìn, irin látòkè délẹ̀. Ráútà wà nísàlẹ̀ ní yàrá ẹ́ńjìnnì, nínú àpótí irin, mo sì ti fi àgádágodo tì í.

Ìlú-Ń-Lọ: Háà!

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́: Àpótí irin nínú ọkọ̀ irin. Ẹ ò kúkú rì í sínú omi.

Adélé-Ọkọ̀: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí olè ò tíì jà rí ni kò ní tilẹ̀kùn. Owó oṣù mi ni ọ̀gá máa yọ ọ́ nínú ẹ̀ bí wọ́n bá gbé e lọ.

Wáyà-Wáyà Òde: Mo gbọ́ yín, bàbá, olè ò dáa. Àmọ́ irin kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá. Èyí tó ń bọ̀ látorí òpó ò lè wọlé bá ráútà, Wi-Fi tí àwọn kámẹ́rà fi ń bá ráútà sọ̀rọ̀ náà ò sì lè jáde. Ẹ gbé e lọ sókè, sórí ilé awakọ̀, nínú àpótí oníke. Ẹ dè é mọ́ òpó ọkọ̀. Ẹ má lọ ra antẹ́nà tó ní wáyà gígùn o, torí bí wáyà antẹ́nà bá ṣe ń gùn sí i ló ṣe ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fà wá sísàlẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó níbẹ̀, ìyẹn lè gùn tó mítà 100 láìsí wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́: Antẹ́nà ẹlẹ́nu gígùn ló dáa jù. Kó kọjú rẹ̀ sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tààrà.

Wáyà-Wáyà Òde: Lórí ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni. Ọkọ̀ tó wà lórí okùn, afẹ́fẹ́ á máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, antẹ́nà náà á máa yà kúrò lójú òpó. Èyí tó ń gbọ́ láti ìhà gbogbo ló yẹ orí omi.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́: Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti wà lórí omi. Dírẹ́jà kì í ṣe ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó ń jó kiri.

Wáyà-Wáyà Òde: Mi ò bá yín jiyàn, sà. Ọ̀sà tún máa ń jẹ́ kí ráútà gbọ́ òpó tó jìnnà lódìkejì, á wá máa fò látorí ọ̀kan bọ́ sí ìkejì. Pupa-búlúù tí bàbá ń rí yẹn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Adélé-Ọkọ̀: Lálẹ́ ńkọ́? Bó bá ti lu aago méje, fóònù mi náà máa ń fà, bẹ́ẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún un.

Wáyà-Wáyà Òde: Ìyẹn ni pé èrò ti pọ̀ lórí òpó, gbogbo ìlú ti wọlé wá tan fóònù. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ yín. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni kámẹ́rà. Bí ọ̀kan bá ń fi fídíò ránṣẹ́ ní 2 Mbps (ìyẹn bí dátà ṣe ń yára lọ sí) láìsinmi, á jẹ tó gígà 21 dátà lójúmọ́. Ẹ wá sọ ọ́ di mẹ́rin. Ẹ ki káàdì mẹ́mórì sínú wọn kí wọ́n máa gbà á síbẹ̀, kí wọ́n máa ránṣẹ́ sí ọ̀gá kìkì ìgbà tí nǹkan bá mira.

Adélé-Ọkọ̀: Ẹ ṣé! Àbẹ́ ẹ rí i! Ọ̀gá ní èmi ni mò ń fi dátà wo bọ́ọ̀lù.

Ìlú-Ń-Lọ: Ṣé ẹ kì í wò ó ni?

Adélé-Ọkọ̀: Wáyà-Wáyà, ta ló ń ta okùn yẹn ní Ìwòpín? Òjò ńkọ́, tí ráútà bá wà lókè?

Wáyà-Wáyà Òde: Ìsàlẹ̀ àpótí oníke náà ni kẹ́ ẹ ti lu ihò tí okùn á gbà, kì í ṣe orí rẹ̀. Bóyá lẹ máa rí okùn náà ní Ìwòpín, ẹ wá sí Òde. Àmọ́ kó má jẹ́ Sátidé o, mo ní ìnáwó.

Ìyá Àdúgbò: Ṣé ìyàwó ò wá sí nílé lóòótọ́ ni, bàbá?