"Adáṣàkóso" kọ́, baálé ni: lórí orúkọ tí a fẹ́ sọ họ́ọ̀bù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Àìkú lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ họ́ọ̀bù, mo kàn dábàá "baálé" ní tèmi, mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ torí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti dé ibi tí mi ò lè dákẹ́ mọ́. Bùrọ̀dá wa tó mú ọ̀rọ̀ wá ní kí á máa pe họ́ọ̀bù, ìyẹn àpótí kékeré tó ń bá iná, ilẹ̀kùn, kámẹ́rà àti pọ́ǹpù omi sọ̀rọ̀ nínú ilé, ní "ẹ̀rọ adáṣàkóso ilé". Èèyàn mẹ́rin ti kí i kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi ò tíì lè kí i. Ọ̀rọ̀ náà ló ń bí mi nínú, kì í ṣe òun fúnra ẹ̀, mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn Yorùbá dénú, ṣùgbọ́n "dá" tó ki bọ àárín ọ̀rọ̀ yẹn, irọ́ ló ń pa mọ́ ẹ̀rọ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo "dá" yìí dáadáa. Mo dá jẹun: ẹnikẹ́ni ò bá mi jẹ ẹ́. Ó dá sùn: kò sí ẹnìkejì lórí ẹní. Adáwà ni ẹni tí ò lẹ́nìkan. Tí ẹ bá sọ fún ìyá ọmọ pé ọmọ ẹ̀ dá lọ sílé ìwé láàárọ̀ yìí, kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, á bi yín pé kí ló dé tẹ́nì kankan ò tẹ̀ lé e. Bùrọ̀dá wa fèsì pé "ọmọ ti ń dá rìn" ńkọ́, ṣebí ìyẹn ń sọ pé ó ń rìn fúnra ẹ̀, ẹnì kan ò dì í lọ́wọ́ mú? Òótọ́ ni, mo gbà, mi ò ní bá òótọ́ jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé "ṣàkóso" lé e lórí kẹ́ ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń dún: adáṣàkóso. Ṣé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ló wá sí yín lọ́kàn ni, àbí ọ̀gágun tó gbàjọba tó sì lé ìgbìmọ̀ dànù? Létí tèmi o, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti apàṣẹwàá. Àwọn baba wa sì ti fi "dá" àti "ṣe" yìí kan náà pa òwe sílẹ̀ fún wa, igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni họ́ọ̀bù ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án rí ló mọ̀.

Mi ò kàwé débi tí ọ̀jọ̀gbọ́n wa kàwé dé. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ọmọ oníṣẹ́ iná ni mí, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá mi, ó sì ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń fi àwọn nǹkan smart wọ̀nyí sílé fáwọn èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lágbègbè Àkóbọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà.

Ọgbà kan ṣoṣo ni, ilé márùn-ún ló wà nínú ẹ̀: pẹ́tẹ́ẹ̀sì ńlá tí onílé máa ń dé sí bó bá ti Houston wá, bọ́ńgálò ìyá ẹ̀ lápá òsì, bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn, ilé ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì, àti ilé jẹnẹrétọ̀ tí pọ́ǹpù kànga ẹ̀rọ wà. Họ́ọ̀bù ẹyọ kan ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, òun ni wọ́n fẹ́ kó máa darí márààrún. Tẹ́ ẹ bá ń wá adáṣàkóso, òun nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tó fojú wọn rí. Nǹkan tó ń ṣọ́ omi tánkì wà lókè bọ́ìsì kọ́tà, Zigbee, ìyẹn irú rédíò kékeré tí àwọn nǹkan inú ilé fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ló ń lò, orí ìgbì 2.4 GHz ni Zigbee sì wà, ìgbì yẹn kì í lágbára mọ́ tó bá ti la ògiri búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 bíi méjì mẹ́ta kọjá, ká má tíì sọ ti irin inú dẹ́kì. Tánkì á kún, á pariwo pé òun ti kún, họ́ọ̀bù ní pálọ̀ ò ní gbọ́, pọ́ǹpù á máa fa omi lọ. Ìyá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ebè ewédú wọn nínú omi, gbogbo ẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà rọ́bà wọn kan ń léfòó lẹ́bàá ògiri. Àwọn gan-an ni wọ́n pe ọmọ wọn pé kó wá ẹni tó máa tún un ṣe.

Èyí tó tún wá burú ni pé họ́ọ̀bù àtijọ́ yẹn kì í ronú níbi tó wà. Bí ẹ bá tẹ iná, ọ̀rọ̀ náà á kọ́kọ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá kọ̀ǹpútà àwọn tó ṣe é lókè òkun, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ní kí iná tàn, àṣẹ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá padà sí Àkóbọ̀. Bí dátà bá tán, ẹ jókòó sókùnkùn. Ṣé ẹni tó ń retí àṣẹ láti òkè òkun kó tó tan iná pálọ̀ lẹ fẹ́ fi "dá" sọ lórúkọ?

A pààrọ̀ ẹ̀. Họ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo gbé wọlé, irú tó ń ṣe ìpinnu ẹ̀ síbi tó wà láìbi íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ́tẹ́ẹ̀sì gba ọ̀kan, bọ́ńgálò gba ọ̀kan, bọ́ìsì kọ́tà gba ọ̀kan, ilé jẹnẹrétọ̀ náà gba ọ̀kan. Ilé ẹ̀ṣọ́ sún mọ́ bọ́ńgálò, ó sì ń jẹ lábẹ́ ẹ̀. A gbẹ́lẹ̀, a ri páìpù, a wọ́ wáyà nẹ́tíwọọ̀kì gba inú ẹ̀ láti ilé dé ilé, mo fi téèpù wọn gbogbo ẹ̀ torí wáyà yẹn ò gbọ́dọ̀ ju mítà 100 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀nà (channel) 16 ni Zigbee ní, láti 11 dé 26, mo pín họ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí 15, 20 àti 25 kí wọ́n má bàa máa kọlu Wi-Fi, àwọn méjì tó jìnnà síra jù ń lo 25 pọ̀. Ní báyìí, tánkì ń sọ fún họ́ọ̀bù bọ́ìsì kọ́tà, ìyẹn ń sọ fún ti ilé jẹnẹrétọ̀, ti ilé jẹnẹrétọ̀ ló ń pa pọ́ǹpù. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan náà, àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ iná ògiri ń bá àwọn tó ń lo bátìrì jíṣẹ́, ẹni tó wà lókèèrè á sọ fún ẹni tó wà nítòsí, ọ̀rọ̀ á fi dé ọ̀dọ̀ họ́ọ̀bù. Níbo ni "dá" wà nínú gbogbo èyí, ẹ̀yin èèyàn mi?

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn tí mi ò lè gbàgbé. Onílé ti kó kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tó ń lo Z-Wave, irú rédíò mìíràn bíi Zigbee, wá láti Amẹ́ríkà, àbúrò ẹ̀ obìnrin kó sọ́kẹ́ẹ̀tì Z-Wave wá láti London. Ti Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ lórí 908.42 MHz, ti Yúróòpù ń sọ̀rọ̀ lórí 868.42. Orúkọ kan náà, lẹ́tà kan náà ló wà lára páálí méjèèjì, wọn ò sì lè gbọ́ra wọn láéláé, torí pé ohùn ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi ń ta nígbà tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń kọ "baale" láìfi àmì sí i, tí ẹ sì ń bá ara yín jà lórí ẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Torí èmi ni mo mú baálé wá, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ọmọṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ fẹnu kàn án, ó ń gun àkàbà lọ ló bi mí pé "ọ̀gá, baálé bọ́ìsì kọ́tà ńkọ́, ṣé ó ti jí?" Kò rò ó, ó kàn jáde lẹ́nu ẹ̀ ni. Baba ilé, baálé. Baálé kì í dá ilé ṣe, àwọn ará ilé ló ń mú ọ̀rọ̀ wá bá a, òun ló mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, òun ló ń rán ẹlòmíràn níṣẹ́. Bó bá kúrò nílé, ilé dàrú, bẹ́ẹ̀ ni họ́ọ̀bù náà rí. Nígbà tí ilé wá pọ̀ nínú ọgbà kan, àwa ará Ìbàdàn mọ ohun tí à ń pe olórí agbo ilé: mọ́gàjí. Họ́ọ̀bù tó wà ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì, tó ń kó ti gbogbo àwọn yòókù jọ sójú kan kí onílé lè rí i lórí fóònù, mọ́gàjí ni. Mi ò wá ọ̀rọ̀ kankan jìnnà.

Bàbá wa tó kọ̀wé lálẹ́ àná ní ìwọ̀sí ni, pé ká má fi oyè ìlú sọ àpótí rọ́bà, pé baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí Ìbàdàn kó tó di Olúbàdàn lọ́dún 1936. Ẹ dákun bàbá, òótọ́ lẹ sọ, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n baálẹ̀ kọ́ ni mo kọ. Baba ilẹ̀ ni tiyín, ẹ̀ ni, àmì wà lábẹ́ ẹ̀, ohùn ẹ̀ sì lọ sílẹ̀. É ni tèmi, kò sí nǹkan lábẹ́ ẹ̀, ohùn ẹ̀ lọ sókè. Àwọn ìwé àtijọ́ ń kọ méjèèjì ní Bale, ìlànà àkọtọ́ Yorùbá ti ọdún 1974 wá ní kí á kọ fáwẹ́lì méjèèjì jáde, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi àmì abẹ́ àti àmì òkè sílẹ̀, inú kùrukùru kan náà la padà sí. Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú tó ní olórítún, ìyẹn olórí àdúgbò lọ́dọ̀ wọn, ló yẹ, mi ò bá yín jiyàn, ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀ nílé yín.

Ẹ ṣáà wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì! Àpótí kan wà lára ògiri, ó ń sọ̀rọ̀, ẹ ò lè dá a lóhùn, "má" kékeré kan ṣoṣo ló ru gbogbo òótọ́ yẹn. Amúnáwá, amúlétutù, ọmọ ọdún márùn-ún gbọ́ ọ, ó mọ ohun tó ń ṣe. Bàbá mi ò lọ sílé ìwé kọjá prámárì, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù tí gbogbo wáyà ilé ti ń jáde, "ìyá iná" ló ń pè é, wáyà tó bá ti ibẹ̀ lọ sí yàrá jẹ́ "ọmọ iná". Á ní "lọ yọ ọmọ iná ìdáná lára ìyá ẹ̀", mo sì mọ ohun tí mo máa ṣe kó tó pa ẹnu dé. Ọdún mélòó nìyẹn, mi ò tíì gbọ́ èyí tó dáa jù ú lọ.

Ti "ìgbéga" tẹ́ ẹ fẹ́ fi dípò upgrade, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Olùkọ́ tó kúrò ní ìpele 8 bọ́ sí 9 la gbé ga. Họ́ọ̀bù àtijọ́ yẹn, a ò gbé e ga síbì kankan, inú páálí ló wà báyìí. Nǹkan 61 ló wà lábẹ́ ẹ̀, a tú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká tẹ bọ́tìnnì wọn títí wọ́n á fi gbàgbé ẹ̀, ká tó fà wọ́n lé baálé tuntun lọ́wọ́, ọjọ́ méjì gbáko. Ìpààrọ̀ ni. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa fún títú sílẹ̀ yẹn kó mú un wá, ìyẹn ni mo nílò lẹ́nu iṣẹ́.

Ó wá ku ti àǹtí wa ní London tó béèrè pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ ìyáálé, ṣebí ìyáálé ló mọ ohun tó wà nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ṣebí òun làwọn ìyàwó ilé ń rò fún kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ. Mo ti fẹ́ dá wọn lóhùn láti àárọ̀, "ìyá iná" bàbá mi ni ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Mo ti fi máńkà dúdú kọ BAÁLÉ, tàmìtàmì, sára họ́ọ̀bù mẹ́ta nínú ọgbà yẹn. Ẹ̀kẹrin tó wà ní bọ́ńgálò, ìyá ní kí n má tíì kọ nǹkan kan sí i.