Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè mọ ìjì tó ń bọ̀ kí n tó ta ìgbòkun lórí ọ̀sà Èkó?

Ọmọ Èbúté Mẹ́ta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ìgbòkun kékeré lórí ọ̀sà, fún fàájì lásán. Ti okùn àti ìgbòkun ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Ojú ọjọ́ ni kò yé mi. Áàpù orí fóònù mi á ní afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 8 (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré afẹ́fẹ́), kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán omi ti ń hó funfun káàkiri. Ní Sátidé tó kọjá, áàpù yìí kan náà ní "òjò díẹ̀". Olùkọ́ wa kàn gbójú sókè, ó ní ká máa lọ sílé. A ò tíì so ọkọ̀ tán tí ìjì fi dé, tó ń ṣí páànù orí ilé. Mo ní kí lẹ rí, sà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tó bá yá màá mọ̀. Èmi ò lè dúró de "tó bá yá". Ṣé kí n ra baromítà, irinṣẹ́ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ilẹ̀ tó, ni?

Káyọ̀dé, Southampton

Àbúrò, o kú orí ire. Rà á o! Níbi tí mo wà, òun la fi ń mọ̀. Tí nọ́ńbà rẹ̀ bá já wálẹ̀ ju 3.5 hPa (ìwọ̀n títẹ̀ afẹ́fẹ́) lọ láàárín wákàtí mẹ́ta, a kì í kúrò ní èbúté. Ẹ̀kejì: kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, apá òsì rẹ ni ojú ọjọ́ burúkú wà. Wọn kì í yé kọ́ wa ní ìyẹn.

Tíṣà Jọ́gíráfì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí náwó dànù. Òótọ́ lẹ sọ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èkó sún mọ́ agbedeméjì ayé jù, yíyí tí ayé ń yí kì í fi bẹ́ẹ̀ darí afẹ́fẹ́ níbí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti apá òsì yẹn ò ṣeé gbára lé. Ti baromítà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílẹ̀ olóoru, ó máa ń gòkè, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: ó ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, ìjì ì báà wà, kó má sì sí. Ẹni tí ò bá mọ̀ á máa sá wọlé ní gbogbo ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì 8 rẹ rọrùn. Bí oòrùn bá ti mú, ilẹ̀ á gbóná ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ òkun á sì wọlé láti gúúsù àti gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Aago mẹ́ta sí mẹ́rin ló sábà máa ń le jù. GFS, ètò kọ̀ǹpútà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń sọ ojú ọjọ́ tẹ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ áàpù ọ̀fẹ́ ń lò, pín ayé sí igun tó fẹ̀ ju kìlómítà 25 lọ. Ìkòyí, ọ̀sà, Ìkòròdú lè bọ́ sínú igun kan ṣoṣo, báwo ló ṣe máa mọ ilẹ̀ yàtọ̀ sí omi? Fi kún ohun tó bá sọ fún ọ. Má sì gbàgbé pé tí afẹ́fẹ́ bá kúrò ní 8 tó di 16, agbára tó fi ń ti ìgbòkun ti di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Apẹja ni bàbá mi. Ìlà oòrùn ni wọ́n máa ń wò, ó sì dá mi lójú pé òun náà ni olùkọ́ rẹ wò.

Afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ti òkun wá. Ìjì ńlá kì í gba ibẹ̀. Apá Oǹdó àti Ìjẹ̀bú ló ti ń bọ̀, ìkùukùu rẹ̀ á máa rìn bọ̀ lòdì sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí ọ lára. Àlejò á rò pé afẹ́fẹ́ ń tì í lọ. Irọ́ ni, ó ń bọ̀! Afẹ́fẹ́ òkun á kọ́kọ́ kú, ìgbòkun á rọ̀ wọ̀ọ̀, ooru á mú ọ. Lẹ́yìn náà, apá Ìkòròdú àti Lẹ́kì á ṣú, dúdú yẹn á tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí àtẹ́rígbà, abẹ́ rẹ̀ á wá mọ́ funfun. Tí atẹ́gùn tútù bá ti kàn ọ́ lọ́rùn, ó ti pẹ́ jù.

Máa wo àwọn ọlọ́kọ̀ Mákòókò tó ń fi àpò ìrẹsì tí wọ́n rán pọ̀ ṣe ìgbòkun. Bí méjì mẹ́ta nínú wọn bá ká tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, má bèèrè nǹkan kan, ká tìrẹ.

Oṣù kẹrin sí ìkẹfà, àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ni irú rẹ̀ pọ̀ jù. Ní oṣù kẹjọ afẹ́fẹ́ òkun máa ń le, àmọ́ ó máa ń dúró sójú kan.

Gbádùn Ayé

Ẹ̀yin lówó láti máa wá ìjì kiri! Èmi tí mò ń wọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí CMS, sísá ni mò ń sá fún un. Òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa 😂. Àmọ́ mo ti gbọ́ ti ìlà oòrùn yẹn o.

Àǹtí Bísí

Ojú nìkan ò tó. Àwòrán sátẹ́láìtì Meteosat máa ń jáde ní ìṣẹ́jú 10 sí ìṣẹ́jú 10, ọ̀fẹ́ ni. Kó o tó jáde, wò ó bóyá ìkùukùu funfun kan ti ṣù jọ lókè Oǹdó. Wo ibi tó wà ní wákàtí kan sẹ́yìn, kó o wo bó ṣe rìn tó. Wọ́n sábà máa ń rin kìlómítà 50 sí 60 ní wákàtí kan, Oǹdó sí Èkó ní tààrà sì tó 170. Òmíràn á tú ká lọ́nà, ìyẹn náà wà. Ka ìkìlọ̀ NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú.

Ohun tó kọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìwé kékeré kan. Kí n tó ṣí áàpù, màá kọ èrò tèmi sílẹ̀: ibi tí afẹ́fẹ́ á ti wá, bó ṣe máa le tó, aago mélòó. Nírọ̀lẹ́ màá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wo áàpù lásán ò lè mọ ibi tí òun ti kùnà.

Ọmọ Èbúté Mẹ́ta

Ẹ ṣé gan-an, mo ti pa ti baromítà tì. Tí ìjì bá wá ká wa mọ́ apá Tarkwa Bay lẹ́nu òkun ńkọ́, tí ilé ti jìnnà?

Káyọ̀dé, Southampton

Tíṣà, mo gbọ́ o 😄. Àmọ́ èyí ò yàtọ̀ níbí àti lọ́hùn-ún: tí omi ọ̀sà bá ń ṣàn jáde, tí afẹ́fẹ́ òkun sì ń fẹ́ wọlé, ìgbì ẹnu òkun yẹn á ga, á sì dúró ṣánṣán. Wo àkókò tí omi ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kó o tó gba ibẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Má bá ìjì sáré ìdíje dé ilé. Sọ ìgbòkun kalẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì kú, kí gbogbo yín ti wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kó o wá ju ìdákọ̀ró síbi tí omi ò jìn, níbi tí ilẹ̀ ti dí ìlà oòrùn fún ọ. Kì í ṣe ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá tó ń lọ Àpápá o. Nínú òjò yẹn, wọn ò ní rí ọ.